Ẹ̀sùn Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Tún Ṣe Nítorí Ubuntu

Kubwa, Àbújá.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,
Wuse II, Àbújá.

Ọ̀gá wa,

Mo ń fi ẹ̀sùn yìí tó yín létí lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo rà ní tuntun ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí wáráńtì ọdún kan tí ẹ fún mi lórí rẹ̀ kò tíì parí, àmọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ̀ jálẹ̀ láti tún ṣe. Ohun tó ń ṣe é kò ta kókó. Ihò tí a ń ki ẹnu ṣájà bọ̀ ti dẹ̀. Bí mo bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, ńṣe ni yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí iná pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tàn, á kú, á tún tàn, bátìrì kò sì ní gba iná àfi tí mo bá fi ọwọ́ di wáyà náà mú.

Nígbà tí mo gbé e wá, òṣìṣẹ́ yín tàn án, ó rí i pé Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, ni mo fi sí i dípò Windows tó bá a wá, ó sì pa á dé láì wo ihò náà rárá. Ó ní wáráńtì ti bàjẹ́, àfi tí mo bá gbà kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì dá Windows padà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Mo pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá lójú òṣìṣẹ́ yín, tí kò sí Ubuntu tàbí Windows kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ iná pupa náà ń tàn, ó ń kú, bí ẹnu ṣájà ṣe ń mì. Báwo ni Ubuntu ṣe wá jẹ̀bi? Ìwé wáráńtì yín sọ ti omi, ó sọ ti kí ẹ̀rọ já bọ́, kò sì síbi tó ti ní kí oníbàárà má pààrọ̀ Windows.

Windows ni a ń lò ní ọ́fíìsì wa ní Garki, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ọ́fíìsì ló ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ti ilé yàtọ̀. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ kò lè gba Windows 11 torí pé kò ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, Ubuntu ni mo sì fi ń lò ó lọ láì san kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi Ubuntu sí tuntun yìí náà. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, ètò bọ́tìnnì ìtẹ̀wé (keyboard) fún Yorùbá, Ígbò àti Hausa sì wà nínú Ubuntu. Ìwé àwọn oníbàárà tèmi ló kún inú kọ̀ǹpútà yìí. N kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́ nítorí ihò ṣájà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, fún mi ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù, tó sì lálòpẹ́. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ ihò ṣájà náà lọ́fẹ̀ẹ́, láì fọwọ́ kan fáìlì mi, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé wáráńtì náà ṣì múlẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, mo máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje àti ààbò oníbàárà, níhìn-ín ní Àbújá. Ẹ̀dà rísíìtì àti ìwé wáráńtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín