Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn tó lọ pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun lókèèrè nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Benin ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ kù.

Sẹ́ẹ̀lì olùfúnni lè dojú ìjà kọ ara tó gbà á: awọ, ẹ̀dọ̀, ìfun. Ti ìfun ló burú jù. Kí ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, prótéènì ST2 àti REG3α ti lè máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wọn méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìpààrọ̀, dókítà á mọ ẹni tí ewu rẹ̀ ga. (Ìwọ̀n ewu ló ń sọ o, kì í ṣe pé àrùn ti dé.) Kí aláìsàn gba èsì yẹn lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó ṣe ìpààrọ̀ náà kó tó wọ bàlúù bọ̀ wálé.

Èyí tí a ń bàjẹ́ nílé ni ìwọ̀n ciclosporine, oògùn tó ń dènà ìjà yẹn. Kí a tó lo oògùn òwúrọ̀ la ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ní wákàtí 12 lẹ́yìn ti alẹ́, sínú ìgò EDTA (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ẹni tó bá ti gbé oògùn mì, iye rẹ̀ á ga lásán. Dókítà á dín oògùn kù, ìjà á sì bẹ́.

LDH náà ńkọ́, èròjà tó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́? Bó bá ń gòkè, tí plétílẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) ń wálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, ẹ má kàn pè é ní ibà. Òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ lè ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí zémì (ọ̀kadà) mì jìgìjìgì náà ń gbé LDH ga. Kétu ni kí wọ́n ti ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó wá Àjàṣẹ́.

Àwa òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò,
Àjàṣẹ́