Lẹ́tà sí Ìyábọ̀ nípa kọ́bọ̀ onihò

Ìyábọ̀ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù ìlú òyìnbó. Ara Bàámi ti ń mókun, Kẹ́hìndé ti bí ọkùnrin, a sì ti kan òrùlé tí ìjì ṣí.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti àfihàn tí a fẹ́ ṣe ní Abẹ́òkúta níbí nípa ìjọba amúnisìn. A fẹnu kò pé a kò ní gbé àwòrán gómìnà kankan kọ́. Ohun èlò inú ilé onílé ni a ó fi sọ ìtàn náà. Ìyẹ̀wù mi ti kún fún abọ́ tánganran, àtùpà àti áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú, débi pé ọkọ mi bèèrè bóyá mo ti ń ra pàǹtírí. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, nítorí gbogbo àgbà tí ó bá rí wọn ni ó ń rẹ́rìn-ín pé ayé àtijọ́ dùn, tí kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ohun tí ó ná wa.

Wo kọ́bọ̀ onihò, owó wẹ́wẹ́ ayé ìjọba amúnisìn, nìkan. Adé wà lójú kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lójú kejì, orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ya orí ọba sí i, nítorí ihò ti gba àárín mọ́ kábíyèsí lọ́wọ́! Owó yìí kan náà ni wọ́n fi dandan gbà ní owó orí ní 1918, tí Ogun Àdùbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba amúnisìn, fi bẹ́ lọ́dún náà. Àwọn obìnrin ń san tiwọn lọ́tọ̀, títí Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà fi lọ jókòó ti ààfin Aké ní 1947, tí Aláké Adémọ́lá sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Bí a bá gbé kọ́bọ̀ náà kalẹ̀ láìsí ìwé owó orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun ìṣeré lásán ni.

Ìyábọ̀, ibi tí mo ń lọ nìyí. Ìwé owó orí ìyá àgbà, èyí tí wọ́n ń tọ́jú sínú agolo bisikíìtì, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? N kò gbàgbé ohun tí o sọ lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, bí o bá sì kọ̀, n kò ní bínú. Bí o kò bá fẹ́ kí orúkọ wọn hàn, a ó bò ó. Jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń bọ̀ wálé ni kí o fi rán, kí o sì kọ ohun tí ìyá àgbà sọ fún ọ nípa àwọn agbowó orí mọ́ ọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́