Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Kọ́kọ́ So Quadratic Pọ̀ Kí Wọ́n Tó Tú U

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ fún lẹ́tà yìí, ó lè gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ń dùn mí ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, álíjẹ́bírà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé quadratic, ìyẹn ìṣirò tí x² ti jẹ́ agbára x tó ga jù nínú ẹ̀, bíi x² − 5x + 6, ní àwọn zero, ó ní àwọn coefficient, ìyẹn nọ́ńbà tó wà níwájú x², èyí tó wà níwájú x àti èyí tó dá dúró, àti pé àwọn zero àti coefficient yìí bára tan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo ń rí nǹkan tó wà nínú nóòtù wọn, nǹkan tí mo sì ń rí ni pé ìrù la lọ ń dì mú níbi tó yẹ ká ti di orí mú.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Tíṣà á wọ kíláàsì, á kọ ax² + bx + c sí bọ́ọ̀dù, á ní tẹ́ ẹ bá ro zero ẹ̀ méjèèjì pọ̀ ẹ máa rí −b/a, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan táìmsì ìkejì ẹ máa rí c/a, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ há a sórí, ìdánwò ń bọ̀. Ó tán nìyẹn. Ọmọ á há a sórí lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ibi tí máínọ́ọ̀sì yẹn ti wá, kò mọ nǹkan tí lẹ́tà a ń ṣe nísàlẹ̀, tó bá sì dọjọ́ ìdánwò tí àyà ẹ̀ já díẹ̀, kò ní mọ èwo ni ti àròpọ̀ èwo ni ti táìmsì mọ́, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú.

Àní ọ̀rọ̀ zero yẹn fúnra ẹ̀ ti ń dà wọ́n láàmú kí wọ́n tó débì kankan. Mo bi ọmọ kan pé kí ni àwọn zero x² − 5x + 6, ó wò ó títí, ó ní kò ní, pé òun ò rí 0 kankan níbẹ̀. Ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nọ́ńbà tá a bá fi rọ́pò x tí gbogbo ẹ̀ wá di òdo là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 2 síbẹ̀, 4 − 10 + 6, ó di òdo. Ẹ fi 3 síbẹ̀, 9 − 15 + 6, ó di òdo. Ẹ fi 4 síbẹ̀, 16 − 20 + 6, ó ku 2, nítorí náà 4 ò sí lára wọn. Tẹ́ ẹ bá ya gíráàfù ẹ̀, ibi tí ìlà tó tẹ̀ yẹn ti gba orí ìlà x kọjá ni 2 àti 3 wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní tán lórí àlàyé yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ò gbọ́ ọ rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan tí mo ń kọ́. Quadratic yìí kan náà ni mo gbé fún un, mo ní kó sọ àròpọ̀ àwọn zero ẹ̀, ó kọ −5. Mi ò sọ pé ó kùnà. Mo ní ó dáa, wá àwọn zero yẹn fún mi. Ó tú u sí (x − 2)(x − 3), ó kọ 2 àti 3, ó rò wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó rí 5. Ó wo 5, ó wo −5 tó kọ́kọ́ kọ, ó mú rọ́bà, mo rò pé −5 ló fẹ́ pa rẹ́, àfi bó ṣe pa 5 rẹ́ tó sì kọ −5 lé e! Ọmọ tó ti mọ̀ láti kékeré pé 2 àti 3 jẹ́ 5. Fọ́múlà tó há sórí, tó sì há lódì, ló gbà gbọ́ ju nǹkan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Mo ní kó pa nóòtù dé. Mo fún un ní ìwé òfìfo, mo ní kó mú nọ́ńbà méjì tó bá wù ú. Ó mú 4 àti 7. Mo ní bírákẹ́ẹ̀tì wo ló máa di òdo tí x bá jẹ́ 4? Ó ní x + 4. Mo ní fi 4 síbẹ̀ ká wò ó. Ó ní 8 ni, áà, x − 4 ni sà. Ìkejì ò pẹ́, x − 7. Mo ní ó yá, ṣí wọn. Ó ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: x² − 7x − 4x + 28, ó kó àárín jọ, ó di x² − 11x + 28. Ó dákẹ́. Ó fi báírò tọ́ka sí 11, ó tọ́ka sí 28, ó wá ní, "Sà, inú bírákẹ́ẹ̀tì ni máínọ́ọ̀sì yẹn ti wá." Mi ò tíì sọ nǹkan kan o. Òun fúnra ẹ̀ ló rí i.

Mo wá ní kó fi 3 táìmsì gbogbo ẹ̀. Ó di 3x² − 33x + 84. Mo ní ṣé àwọn zero ẹ̀ ti yí padà? Ó fi 4 síbẹ̀, 48 − 132 + 84, òdo. Ó fi 7 síbẹ̀, òdo náà ni. Àwọn zero ò mira, coefficient ló wú, torí náà tó o bá fẹ́ rí 11 tó jẹ́ 4 àti 7 padà, o gbọ́dọ̀ fi 3 tó wà níwájú x² pín 33, bẹ́ẹ̀ náà lo máa fi pín 84 kó tó di 28. Nǹkan tí lẹ́tà a ń ṣe nísàlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó fi p àti q rọ́pò 4 àti 7, ó ṣí (x − p)(x − q), ó rí x² − (p + q)x + pq, fọ́múlà tí wọ́n ní kó há sórí ti wà níwájú ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é fún un.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ìyẹn lọ, kí àwọn tíṣà àtàwọn tó ń kọ ìwé ìṣirò jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ so quadratic pọ̀ fúnra ẹ̀, láti ara zero tó bá wù ú, bíi mẹ́wàá bíi ogún, kí wọ́n tó ní kó máa tú u. Ẹni tó so okùn fúnra ẹ̀ ló máa mọ ibi tí kókó ẹ̀ wà. Wọ́n máa ní kò sí àyè, síléébù pọ̀. Mo mọ̀ pé ó pọ̀. Àmọ́ àkókò tá à ń lò lẹ́yìn náà láti máa ṣàtúnṣe àmì pílọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, ta ló ń kà á?

Nǹkan tó tiẹ̀ mú mi gbé báírò gan-an nìyí. Ọmọkùnrin kan gbé tẹ́sìtì ẹ̀ wá fún mi, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé yẹn. Ìbéèrè ní kí wọ́n kọ quadratic kan tí àròpọ̀ zero ẹ̀ jẹ́ 5/6, tó sì jẹ́ pé tí wọ́n bá fi ọ̀kan táìmsì ìkejì ó máa jẹ́ 1/6. Ọmọ yìí kọ x² − (5/6)x + 1/6. Wọ́n fi báírò pupa fa igi ìkùnà lé e lórí, wọ́n kọ 6x² − 5x + 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó bi mí pé ibo lòun ti ṣìṣe. Mo wá ibi tó ti ṣìṣe títí, mi ò rí i, torí kò ṣìṣe! Ẹ fi 6 táìmsì tiẹ̀, ẹ máa rí tiwọn. 1/2 àti 1/3 ni zero àwọn méjèèjì. Kódà 12x² − 10x + 2 tọ̀nà, −6x² + 5x − 1 náà tọ̀nà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tẹ́ ẹ bá ya gbogbo wọn sórí gíráàfù kan náà, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti máa gba orí ìlà x kọjá, ọ̀kan á kàn ga fíofío ju ìkejì lọ, èyí tó ní máínọ́ọ̀sì níwájú á dojú délẹ̀. Àwọn zero ò lè sọ coefficient fúnra wọn fún wa, bí coefficient kan ṣe tó sí ìkejì ni wọ́n lè sọ, ẹni tó bá sì fẹ́ máàkì irú ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn kó tó gbé báírò pupa. Ọmọ tí wọ́n fún ní òdo lórí nǹkan tó gbà á máa rò pé ìṣirò kì í ṣe tòun.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń sáré kọjá. Ẹ wo x² − 4x + 1. Kò sí nọ́ńbà odidi kankan tó máa tú u, 2 + √3 àti 2 − √3 làwọn zero ẹ̀, ìyẹn bíi 3.732 àti 0.268, nọ́ńbà tí ẹ̀yìn pọ́ńtù ẹ̀ ò lópin. Ẹ rò wọ́n pọ̀, √3 ti ibí pa √3 ti ọ̀hún, ó ku 4. Ẹ fi ọ̀kan táìmsì ìkejì, 4 − 3, ó ku 1. 4 àti 1 yẹn ló sì wà nínú quadratic yẹn látilẹ̀! Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Ẹ ò tíì rí àwọn zero yẹn sójú, ẹ ti mọ iye tí wọ́n máa jẹ́ tí wọ́n bá pàdé, kódà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ro síkúwíà àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ mú síkúwíà 4, ẹ yọ 1 kúrò nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 14 ni, ẹ ò fọwọ́ kan √3 rárá. Tàbí kẹ́ ẹ wo x² − 2x + 5 tí gíráàfù ẹ̀ ò kan ìlà x rárá, tíṣà á ní kò ní zero, á nù ún kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Ó ní in láàárín àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní complex, níbi tí síkúwíà i ti jẹ́ −1, àwọn náà ni 1 + 2i àti 1 − 2i, àròpọ̀ wọn ṣì jẹ́ 2, táìmsì wọn ṣì jẹ́ 5. Mi ò ní kí wọ́n kọ́ ọmọ kékeré ní complex o, kí wọ́n ṣáà má sọ fún un pé ìbátan yẹn já níbẹ̀.

Tí ẹnì kan bá sì ń rò pé ọmọ tí àmì máínọ́ọ̀sì ń dà láàmú ò lọ́pọlọ, kó wo bí ayé ṣe rìn débẹ̀. Ó lé ní 3,600 ọdún sẹ́yìn táwọn ará Babiloni, níbi tó ń jẹ́ Iraq lónìí, ti ń fi wàláà amọ̀ ṣe irú ìṣirò yìí, wọ́n á fún ọ ní àròpọ̀ gígùn àti ìbú nǹkan onígun mẹ́rin kan pẹ̀lú iye ààyè inú ẹ̀, wọ́n á ní kó o wá gígùn àti ìbú yẹn jáde. Ká ní àròpọ̀ jẹ́ 14, ààyè inú jẹ́ 45. Pín 14 sí méjì, 7, síkúwíà ẹ̀ 49, yọ 45 kúrò, ó ku 4, rúùtù ẹ̀ 2, 7 + 2 jẹ́ 9, 7 − 2 jẹ́ 5. Àròpọ̀ àti táìmsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o! Lọ́dún 2019, Po-Shen Loh, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tún gbé ọ̀nà tó jọ èyí síta fáwọn tíṣà. Al-Khwarizmi ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 820, ẹni tí orúkọ álíjẹ́bírà ti ara ìwé ẹ̀ wá, ṣe x² + 10x = 39, ó rí 3, ó dúró síbẹ̀. −13 wà níbẹ̀ tó ń ṣe zero kejì, àmọ́ wọn ò ka nọ́ńbà tó ní máínọ́ọ̀sì sí ìdáhùn nígbà yẹn. François Viète ará Faransé, tí wọ́n bí lọ́dún 1540, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ìbátan tí mò ń sọ yìí gan-an, èyí tó bá ju òdo lọ nìkan lòun náà ń kà. Ọdún 1629 ni Albert Girard, onímọ̀ ìṣirò míì, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn oní-máínọ́ọ̀sì nínú ẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó gba àwọn ọlọ́pọlọ, àwa wá fẹ́ kí ọmọ gbà á láàárín ìṣẹ́jú ogójì, ká sì fi igi pupa lé e tí kò bá rí i.

Ọmọbìnrin mi yẹn, ẹni tó pa 5 rẹ́, òun ló ń gbé ìbéèrè fún mi báyìí. Ó máa ń so ó pọ̀ nílé, á wá kọ ọ́ síwájú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ 2x² − 7x + 3, ó ní kí n sọ àròpọ̀ àwọn zero ẹ̀ láì tú u. Mo ní 7/2. Ó ní, "Ó tọ̀nà sà, àmọ́ ẹ ṣí bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kí n rí i." Mo kọ (2x − 1)(x − 3), ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá mo jẹ̀bi.

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Olóòtú.

Èmi ni,
Tíṣà ìṣirò kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín