Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọmọdé ní erékùṣù Gberefu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ibi tí òbí lè kó ọmọ lọ nígbà ìsinmi ní Èkó, inú mi sì dùn pé ẹ ro ti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ẹ dárúkọ, àárín Ìkòyí sí Lẹ́kì ló wà, níbi tí owó ìwọlé ọmọ mẹ́ta ti tó se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò dárúkọ Àgbádárìgì. Ẹ ò sì dárúkọ Gberefu, erékùṣù tó kọjú sí ìlú náà ní òdìkejì ọ̀sà. Èmi gbà pé kò sí ibi kankan nítòsí Èkó tó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ tó ibẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ètò ibẹ̀ ṣe rí lónìí, àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn.

Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀, Gberefu jẹ́ ilẹ̀ tóóró kan. Ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Etí omi ní Marina Àgbádárìgì lẹ ti máa wọ ọkọ̀, kí ẹ sì tó jókòó dáadáa, ẹ ti gúnlẹ̀. Láti èbúté, ọ̀nà oníyanrìn kan gba àárín igi àgbọn lọ sí etí òkun. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà. Wọ́n á ti tà wọ́n ní ọjà Vlekete, wọ́n á ti há wọn mọ́ inú ilé bíi Brazilian Baracoon tó ní yàrá 40, kí wọ́n tó kó wọn sọdá ọ̀sà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé wọ́n ń fipá mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó máa gbọ́ ariwo òkun, títí ẹ ó fi dé ìdí àmì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Ibi Àrèmabọ̀, tí wọ́n ń pè ní Point of No Return.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ojú omi, nítorí ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba àwa ìyá jù. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láì wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, àjọ LASWA, tó ń rí sí ọ̀nà ojú omi ní Èkó, ló sì ń mójú tó o. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó àwọn ọmọ mi lọ, jákẹ́ẹ̀tì tí ọmọkùnrin inú ọkọ̀ náà mú fún àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti àgbàlagbà ni. Ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, ó so okùn rẹ̀, ó ní, “Mọ̀mí, ó ti wọ̀ ọ́.” Mo di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, mo fà á sókè. Jákẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé ọwọ́ mi, ọmọ ò kúrò nílẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì ti wọnú rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Bí ọmọ bá já sómi nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì ló máa léfòó, ọmọ á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ti ọmọdé ní okùn tó ń gba àárín itan kọjá, ó sì ní kọ́là tó ń gbé orí ró kúrò nínú omi. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ èyí tó bá a mu. Ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, kò sí òmíràn nínú ọkọ̀ ni. A dúró títí a fi rí ọkọ̀ mìíràn tó ní kékeré. Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn wa kò dúró, wọ́n gbé ọmọ wọn wọlé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ. Mo bẹ gbogbo òbí tó bá ń ka lẹ́tà yìí, ibi yòówù tí ẹ bá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ fa èjìká jákẹ́ẹ̀tì ọmọ yín sókè kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá wọnú rẹ̀, ẹ má wọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù ni ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ. Àwọn afinimọ̀nà Àgbádárìgì mọ iṣẹ́ wọn. Ìtàn wà lẹ́nu wọn bí ẹni ń ka oríkì. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti Amẹ́ríkà àti fún ọmọ ọdún márùn-ún: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú pa, òkú tí wọ́n ń jù sókun. Mo rí ọmọbìnrin kan tó fi ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ bo ojú títí a fi kúrò nídìí kànga. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi òótọ́ pamọ́ o. Bí ọmọ ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àwa la sì máa pa àrọ́bá náà fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn tí ọmọ lè gbé wà nílẹ̀, ó sì kan Àgbádárìgì gan-an.

Ìtàn Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé. Ní 1845, òun náà ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, lórí òkun kan náà tí wọ́n fi gbé e lọ. Nígbà tó máa di 1846, ó ti dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ya ara wọn. Ìyá àti ọmọ dì mọ́ra, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ta ni ọmọ tó máa gbọ́ èyí tí kò ní béèrè pé, “Màmá, báwo ló ṣe dá ìyá rẹ̀ mọ̀?” Ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn nídìí àmì etí òkun yẹn, wọ́n á lóye ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò padà wá, ẹ ò ní tíì mú irin kankan jáde. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè wá sọ ti Ṣẹ́ríkí Williams Abass fún un, tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré láti Ìjògà-Orílé dé Brazil, tó padà wálé, tí òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ìyẹn ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, ọmọ tó ti ń ronú ló lè dá sí i.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn afinimọ̀nà máa ń yára kọjá lára rẹ̀: àwọn èèyàn ń gbé Gberefu. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń yan ẹja, wọ́n ń tọ́jú àgbọn. Àlejò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti etí òkun, a yà lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta àgbọn tútù. Ó fi àdá gé orí ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, omi rẹ̀ yọ. Nígbà tí ọmọ mi mu ún tán, bàbá náà là á sí méjì, ó bẹ́ pẹ́rẹ́ lára èèpo rẹ̀, ó ní kó fi ṣe ṣíbí. Àwọn ọmọ mi fi ha inú àgbọn náà títí kò fi ku nǹkan kan. Èyí àgbà nínú wọn béèrè bí wọ́n ṣe ń gùn ún, bàbá sì mú un lọ sídìí igi, ó fi ibi tí wọ́n ti fi àdá ṣá ara igi náà hàn án, ibi tí ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ lọ sókè. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jù lọ́jọ́ yẹn nìyí. Kò sì sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ àgbọn fúnra rẹ̀ ní ìtàn ní agbègbè náà: ní Topo tí kò jìnnà síbẹ̀, láti 1876 ni àwọn àlùfáà Àgùdà ti tẹ̀dó, tí wọ́n sì gbin oko àgbọn.

Ẹ wo Gorée ní Senegal. Erékùṣù kékeré lòun náà, ìrìn ọkọ̀ ojú omi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni láti Dakar. Ilé Àwọn Ẹrú wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ erékùṣù náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1978. Àwọn èèyàn máa ń sunkún níbẹ̀ bíi ti Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó ń bọ̀, ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀. Mọ́tò kò sí lórí erékùṣù, ọmọ lè sáré bó ṣe wù ú. Àwọn ọmọ Dakar sì ń lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Kò sẹ́ni tó rí i bí àfojúdi sí àwọn òkú. Kí ló dé tí tiwa kò fi lè rí bẹ́ẹ̀? Àwọn Ègùn Àgbádárìgì ní ìlù Sátò tó ga ju àgbàlagbà lọ, wọ́n ní eégún Sàǹgbétọ̀ tó ń fi koríko rẹ̀ yí bí òkòtó. Bí a bá ṣètò kí àwọn ọmọ rí ọ̀kan nínú wọn ní erékùṣù ní ọjọ́ Sátidé àkókò ìsinmi, tí owó rẹ̀ sì wọ àpò àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á bẹ òbí wọn kí wọ́n tún padà.

Ohun tó kù kéré, ó sì ṣeé ṣe. Kí wọ́n gbé pátákó sí èbúté tí yóò sọ iye tí àgbàlagbà ń san àti iye tí ọmọdé ń san, kí owó má máa yí padà gẹ́gẹ́ bí bàtà tí èèyàn wọ̀. Kí wọ́n kọ́ àtíbàbà méjì tàbí mẹ́ta sójú ọ̀nà, nítorí igi àgbọn kì í fún èèyàn níbòòji, iyanrìn ọ̀sán sì máa ń jó ọmọ lẹ́sẹ̀. Ilé ìtọ̀ tó mọ́. Àti pátákó ìkìlọ̀ ńlá sí etí òkun, nítorí òkun ẹ̀yìn Gberefu kì í ṣe omi ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Ìgbì rẹ̀ máa ń wọ́ èèyàn láti ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ tọ omi, Tarkwa Bay ni kó gbà lọ, níbi tí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté Èkó ti ń dá ìgbì dúró. Ní Gberefu, kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí wọ́n wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n, ó tó.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, nítorí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì kò ṣe é fọkàn tán. Ẹ sọdá ọ̀sà kí oòrùn tó mú, kí ẹ fi ọ̀sán wo inú ìlú: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845, tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àti ìdí igi Àgíyà tí wọ́n ti wàásù Jésù ní 1842. Igi náà ti wó láti 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà Agbálátà, ẹ yà síbẹ̀, ẹ ó rí ọjà tó gba ojú omi wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù.

Olóòtú, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ìsinmi Kérésì tó dé, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ sí èbúté Marina Àgbádárìgì, kó mú ọmọ rẹ̀ dání bó bá ní. Kó ka iye jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó àlejò ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe ní erékùṣù, kó sì bi àwọn ará Gberefu léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Kó kọ ohun tó bá rí, kí ẹ gbé e jáde. Èmi á ka á, n ó sì kọ̀wé padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Ìyànà Ìbà, Èkó.