Àpótí ìdarí ẹ̀rọ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé ká

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa fi èyí tó àwọn ajórin Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́ létí, pàápàá àwọn tó ń ṣe àpótí ìdarí fún ilé ìlọrẹsì. Irin pẹlẹbẹ 1.5 mm tó fún àpótí. Ẹ fi 2 mm ṣe pẹpẹ kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé ká, torí ọwọ́ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Ìwọ̀n ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Irin máa ń nà níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Bí ìwọ̀n ìta ẹ̀gbẹ́ méjì bá jẹ́ 400 àti 50 mm, ẹ má gé 450. Nǹkan bí 447.4 ni. Ẹ yọ 2.6 mm fún ìtẹ̀ igun 90° kọ̀ọ̀kan lára irin 1.5 mm, bí rédíọ́ọ̀sì inú igun (bó ṣe rí roboto tó) bá jẹ́ 1.5 mm. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní wọlé. Ẹ̀rọ ìtẹrin kò sì dọ́gba, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi àgékù irin kan náà dán an wò. Ihò tí kò bá jìnnà tó 6 mm sí ìlà ìtẹ̀ kò ní rí roboto mọ́.

Híńjì gígùn kan ni kí ẹ fi gbé pẹpẹ, kì í ṣe kékeré méjì. Ẹ fi 10 mm kún àyè kíbọ́ọ̀dù, kí ilẹ̀kùn má baà máa tẹ bọ́tìnnì nígbà tí a bá ká a. Ẹ jẹ́ kí wáyà dẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì, kí ẹ sì fi rọ́bà bo etí ihò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa wáyà áàtì (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sílẹ̀) dé pẹpẹ àti ilẹ̀kùn, kí ẹ ha ọ̀dà abẹ́ bóòtù rẹ̀ kúrò. Híńjì nìkan kò tó fún áàtì.

Àwọn oníṣẹ́ iná,
Adó-Èkìtì