Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ọdún mélòó ni ilé gíga lè lò?

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú òjò o.

Ẹ máa ń bi àwa tí à ń tún kọnkéré ilé gíga ṣe léèrè kí a tó gun àkàbà pé, "Ọ̀gá, ọdún mélòó ni ilé yìí ṣì lè lò?" A kì í dá iye ọdún, torí ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pa ilé gíga. Cocoa House ní Dùgbẹ̀ nìyẹn, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992, ó sì dúró di òní. Singer Building ní New York, tí wọ́n parí ní 1908, kò pé 70 ọdún tí wọ́n fi wó o, kí wọ́n lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Owó ló pa ìyẹn.

Omi ni àwa ń bẹ̀rù. Sìmẹ́ńtì inú kọnkéré kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni afẹ́fẹ́ ń dín agbára yẹn kù. Bí omi bá wá gba ojú sísán wọlé, irin á dípẹtà, á wú, á sì máa ti kọnkéré bẹ́ dànù. Níbi tí biríkìlà kò bá ti fi bísíkítì (kọnkéré pẹlẹbẹ kékeré tí kì í jẹ́ kí irin sún mọ́ ojú kọnkéré jù) há irin lábẹ́, ó tún ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Surfside, ní Florida, ilé alájà 12 tí wọ́n kọ́ ní 1981 wó lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ènìyàn 98 ló kú. Láti 2018 ni ẹnjiníà kan ti kọ̀wé pé omi ń dárogún sórí dẹ́kìn tó yí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ká.

Ìdí nìyẹn tí a kì í kun ọ̀dà lé àbàwọ́n ìpẹtà. Òòlù la ó kọ́kọ́ fi kàn án. Kọnkéré tó yè máa ń dún ko. Èyí tó ti là nínú á dún gbọ̀ọ̀. Ibi tó bá dún gbọ̀ọ̀, a ó gbẹ́ ẹ dé ìdí irin, a ó ha ìpẹtà kúrò, kí a tó dí i. Ó wọ́n ju ọ̀dà lọ, a mọ̀. A sì mọ̀ pé àwọn kan á lọ pe kunlékunlé kí ayálégbé tuntun tó kó dé.

Ẹ lè fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ fọ́tò kì í dún, a ṣì máa wá. Ẹ ṣáà bá wa gba kọ́kọ́rọ́ òkè lọ́wọ́ máígáàdì sílẹ̀.