Olóòtú, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè igi ẹ̀gẹ́ náà

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀ṣà ni mí, oko mi ò jìnnà sí Ìwàràjà, ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn jù. Ooru ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Tó bá ti di ọ̀sán gangan, ewé ẹ̀gẹ́ mi á sọ̀rí kodò bí etí àgùntàn, bẹ́ẹ̀ òjò rọ̀ lálẹ́ àná. Ọmọ àbúrò mi tó ń ka iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ífẹ̀ wá ní èyí tójú mi rí kọ́ ló burú jù, inú ewé lọ́hùn-ún ni ìjàǹbá wà.

Ó ní ilé ìdáná ni ewé, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rubisco tó máa ń mú káábọ̀n dàọ́sáìdì nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè fi oòrùn sè é, àmọ́ tó bá nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ́síjìn ló máa ṣèèṣì mú lẹ́ẹ̀kan, tí ooru bá wá mú, àṣìmú yẹn á tún pọ̀ sí i. Bí ẹni tí kò ṣa ẹ̀wà dáadáa, tó wá ń tọwọ́ bọ ìkòkò gbígbóná kó lè yọ òkúta, agbára tó yẹ kí ẹ̀gẹ́ fi ta ló ń bá òkúta lọ. Àgbàdo ní ọgbọ́n tiẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìmú (ẹni tó bá rò pé ìyẹn ní kó má bẹ̀rù ọ̀dá, kó wá wo tèmi lẹ́ṣìí). Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ìrẹsì àti sóyà ni tiwọn le.

Wọ́n ti ń wá nǹkan ṣe sí i o. Àwọn ará Fásitì Illinois l'Amẹ́ríkà la ọ̀nà àbùjá sínú ewé kó lè tètè palẹ̀ àṣìmú náà mọ́. Tábà ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Lọ́dún 2022 wọ́n gbin pòtétò Áíríìṣì tí wọ́n tún ṣe sóko gidi, ooru mú kọjá ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 35 fún ọjọ́ mélòó kan, síbẹ̀ ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ta ju èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà náà wà nínú ohun tí wọ́n ń lé.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé májèlé ni gbogbo nǹkan tó bá ti láàbù wá. Àmọ́ ilẹ̀ Illinois kì í ṣe ilẹ̀ Iléṣà. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà n'Íbàdàn, IAR&T tó jẹ́ ti OAU náà wà níbẹ̀ ní Moor Plantation, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ tuntun náà síbẹ̀ ká fojú ara wa rí i nínú ooru oṣù kẹta.

Èyí tó tún ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe nǹkan tá à ń ra irúgbìn ẹ̀ nínú báàgì, igi ni. Tí tẹnìkan bá ta dáadáa, gbogbo àdúgbò á ti lọ bẹ̀ ẹ́ fún igi. Ọ̀dọ̀ ìyá kan n'Íbòdì ni mo ti gba èyí tó wà lóko mi báyìí, kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan ni mo gbé fún ọkọ wọn, ó parí. Tí tuntun yìí bá dé ńkọ́, ṣé a lè gé e fúnra wa? Àbí ẹnìkan máa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa láti gbowó ẹ̀, bíi ti àwọn bàbá wa òṣómàáló? Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ tó nílò ẹ̀ jù làwọn ń ṣe é fún, mo gbọ́, ẹ ṣáà bá wa ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí igi náà tó dé.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Iléṣà